Kó má pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ lọ́dọ̀ UNRWA

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n lọ́yà. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Arákùnrin kan wà tá a jọ ń gbé ilé kan náà, ọmọ Palẹstáìnì ni, àgọ́ Ain al-Hilweh ní Lẹ́bánónì ni wọ́n ti bí i. Ó fẹ́ tọrọ ìsádi níbí. Ájẹ́ǹtì kan wá sọ fún un pé káàdì UNRWA (ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń ran àwọn ogúnléndé Palẹstáìnì lọ́wọ́) tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa dí i lọ́nà, pé kó sanwó kí àwọn bá a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjèjì, á sì gbà á kíá. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún là mí lóye: bàbá bàbá rẹ̀ ló sá kúrò nílé ní 1948, báwo lòun náà ṣe wá jẹ́ ogúnléndé? Kí ló dé tí kò gba ìwé Lẹ́bánónì? Mo gbọ́ pé UNRWA ló ń sọ wọ́n di ogúnléndé láti ìran dé ìran, pé bí wọ́n bá ti àjọ náà pa, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìdáhùn: Kó má san kọ́bọ̀, kó má sì fọwọ́ síwèé kankan tó ní òun kò ṣe UNRWA mọ́. Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń wá: àwọn tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, tí wọ́n ka gbólóhùn kan nínú òfin, tí wọ́n wá ń tà á bí ọjà.

Òfin tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á ni Abala 1D nínú Àdéhùn 1951 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé. Ìpínrọ̀ méjì ló ní. Èkíní ní Àdéhùn náà kò kan ẹni tó ń gba ààbò tàbí ìrànwọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàtọ̀ sí UNHCR, àjọ tó ń bójú tó àwọn ogúnléndé yòókù láyé. Lónìí, UNRWA nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Ìpínrọ̀ kejì làwọn ájẹ́ǹtì kì í kà délẹ̀: bí ààbò tàbí ìrànwọ́ yẹn bá dáwọ́ dúró, nítorí ìdí yòówù kó jẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn náà kò tíì yanjú, gbogbo àǹfààní inú Àdéhùn di tiwọn lójú ẹsẹ̀.

“Ìdí yòówù kó jẹ́” yẹn ni ájẹ́ǹtì rí tó fi rò pé kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ wà lára ìdí. Kò sí lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2012, ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò ìsádi mọ̀ sí El Kott. Ain al-Hilweh kan náà ni ọkùnrin tó ni orúkọ yẹn ti wá. Ilé rẹ̀ jóná, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó sì sá dé Họ́ńgárì. Àwọn adájọ́ ní kéèyàn kàn kúrò ní àgbègbè tí UNRWA ti ń ṣiṣẹ́, tàbí kó fínnúfíndọ̀ kọ ìrànwọ́ rẹ̀, kò tó. Ẹni tí ìpínrọ̀ kejì wà fún ni ẹni tí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ lé jáde: ewu ńlá ní láti wà lórí òun fúnra rẹ̀, UNRWA kò sì ní lè ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù nígbà náà, àwọn kọ́ọ̀tù wọn sì ti lo ìdájọ́ yẹn.

Ẹ ò rí i báyìí pé ìwé tí ájẹ́ǹtì fẹ́ kó fọwọ́ sí gan-an ni Home Office máa gbé sórí tábìlì láti sọ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn kúrò. Bẹ́ẹ̀ káàdì UNRWA yẹn wà lára ohun díẹ̀ tó lè fi hàn pé ọmọ Palẹstáìnì láti Lẹ́bánónì ni òun, tí kò sì ní orílẹ̀-èdè kankan lẹ́yìn.

Ohun tó yẹ kó máa kó jọ nìyí. Káàdì ìforúkọsílẹ̀ ìdílé láti UNRWA, èyí tó ní nọ́ńbà ilé wọn. Káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba Lẹ́bánónì ń fún àwọn ọmọ Palẹstáìnì. Ìwé ìrìnnà tó fi jáde, kódà bó ti kú. (Bó bá ti kú, kó béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò bóyá Lẹ́bánónì á jẹ́ kó padà wọlé. Ẹni tí ẹnubodè kò ní gbà kò lè rí ìrànwọ́ UNRWA gbà, kókó ńlá sì ni ìyẹn nínú ẹjọ́ rẹ̀.) Kó wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa: UNRWA lè kọ ọ́ lọ́nà kan, Lẹ́bánónì sábà máa ń kọ ọ́ lọ́nà Faransé, ẹni tó ṣe físà rẹ̀ sì lè ti kọ ọ́ lọ́nà kẹta. Àìbáramu yẹn ti sọ olóòótọ́ di òpùrọ́ lójú ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, nítorí náà kó tètè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

Lẹ́yìn náà kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi: ta ló halẹ̀ mọ́ ọn, àdúgbò wo nínú àgọ́, ta ló fẹjọ́ sùn, kí ni wọ́n sì ṣe sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á ní “ìyà pọ̀ nínú àgọ́,” wọ́n á dákẹ́. Òótọ́ ni ìyà pọ̀, ṣùgbọ́n ìyà tó kárí gbogbo èèyàn kò tó fún El Kott. Bó bá wà ní Ain al-Hilweh ní 2023, nígbà tí Fatah, ẹgbẹ́ Palẹstáìnì kan, àtàwọn ẹgbẹ́ agbébọn mìíràn ń jà láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹsàn-án, tí àwọn agbébọn gba ilé-ìwé UNRWA tí wọ́n ń ti ibẹ̀ yìnbọn, kó sọ ibi tí ilé tirẹ̀ wà sí ojú ìjà. UNRWA kò ní ọlọ́pàá. Ilé-ìwé, ìtọ́jú ìlera àti ìrànwọ́ fún aláìní ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń ṣàkóso àgọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun kọ́ ló ni ilẹ̀ rẹ̀. Ní Lẹ́bánónì, ìgbìmọ̀ àgọ́ àtàwọn ẹgbẹ́ ológun Palẹstáìnì ló wà nídìí ààbò láti ìgbà Àdéhùn Káírò 1969, tí Lẹ́bánónì bá àwọn ẹgbẹ́ Palẹstáìnì ṣe. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Lẹ́bánónì wọ́gi lé Àdéhùn náà ní 1987, àmọ́ ìṣe yẹn kò yí.

Bí àìsàn tàbí àbùkù ara bá wà nínú ìdílé, kó mú ìwé dókítà wá. Nínú ẹjọ́ NB àti AB, tí ilé-ẹjọ́ Yúróòpù kan náà dá ní oṣù Kẹta 2022, ọmọ kan tó ní àbùkù ara tó le gan-an láti àgọ́ Al-Bass ní Lẹ́bánónì ni kókó, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹjọ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé bí ẹni náà bá ti fi hàn pé dandan ló mú òun kúrò, ìjọba tó bá ní nǹkan ti dáa níbẹ̀ báyìí ló máa mú ẹ̀rí wá.

Mi ò rí ìwé arákùnrin yìí o. Òfin ìwọlé àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì kì í sì dúró lójú kan. Ẹ má fi èyí rọ́pò agbẹjọ́rò.

Ní ti ìran dé ìran, mo máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí irọ́ yẹn ti dé ibi tó ga ju ọ́fíìsì ájẹ́ǹtì lọ. Àwọn tó lé ní 700,000 ni ogun lé kúrò nílé wọn ní 1948. Àpéjọ Gbogbogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá UNRWA sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1949, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 1950. Ẹni tó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ẹni tó ń gbé Palẹstáìnì láàárín ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1946 sí ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1948, tó sì pàdánù ilé àti ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ nínú ogun náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bá ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin wá. Àwọn tó wà nínú ìwé báyìí tó mílíọ̀nù 5.9.

Wọ́n ní Palẹstáìnì nìkan ló ń jogún rẹ̀. Irọ́ ni. UNHCR náà ń ka ọmọ mọ́ òbí. Ọmọ Áfúgánísítánì tí wọ́n bí ní Pakísítánì, ọmọ Sahrawi (ará Western Sahara) tí wọ́n bí ní Tindouf ní Àlùjíríà níbi táwọn òbí rẹ̀ ti wà láti 1975, ọmọ ọmọ àwọn ará Sòmálíà ní Dadaab ní Kẹ́ńyà, ogúnléndé ni wọ́n ń kọ síwèé gbogbo wọn. Kódà òfin UNRWA há ju ti UNHCR lọ ní ibì kan: bí obìnrin tó jẹ́ ogúnléndé bá fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ogúnléndé, àwọn ọmọ wọn lè lo ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọn kò ní kọ wọ́n sílẹ̀ bí ogúnléndé.

Ohun tó jẹ́ kí ìran kẹta àti ìkẹrin ṣì wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn méjèèjì tì. Ìpinnu 194 tí Àpéjọ Gbogbogbò ṣe ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1948, ní ìpínrọ̀ 11, ní kí ẹni tó bá fẹ́ padà sílé, tó sì ṣe tán láti bá aládùúgbò gbé ní àlàáfíà, padà. Kí wọ́n sanwó ohun ìní fún ẹni tí kò bá fẹ́. Ísírẹ́lì kò gbà, ó sì ti fi òfin 1950 lórí dúkìá àwọn tí kò sí nílé gba ilé àti ilẹ̀ wọn. Ilẹ̀kùn kejì ni ìwé ọmọ-ìlú níbi tí wọ́n sá sí.

Jọ́dánì ṣí tirẹ̀. Àwọn tó wà nínú ìwé UNRWA níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, ọmọ Jọ́dánì sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn lábẹ́ òfin. Níbí làwọn tó ń bu UNRWA ti rí ọ̀rọ̀ sọ, mi ò ní bò ó: lọ́dọ̀ UNHCR, ẹni tó bá ti gba ìwé ọmọ-ìlú tuntun tó sì ní ààbò rẹ̀ kì í ṣe ogúnléndé mọ́. Bí ọmọ Palẹstáìnì tó ní páásípọ́ọ̀tù Jọ́dánì bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹjọ́ ọmọ Jọ́dánì ni wọ́n máa bá a rò, káàdì UNRWA ì báà kún àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti Gaza wọ Jọ́dánì ní 1967, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní àgọ́ Jerash, kò rí ìwé yẹn gbà. Páásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún méjì ni wọ́n ń fún wọn. Síríà ní tirẹ̀ fi Òfin 260 ti 1956 gbà wọ́n sí iṣẹ́ àti òwò bí ọmọ onílẹ̀, láìfún wọn ní ìwé ọmọ-ìlú.

Lẹ́bánónì ló le jù. Kì í ṣe pé arákùnrin yín kọ ìwé. Kò sí ẹni tó gbé e fún un. Ìṣáájú òfin ilẹ̀ wọn, láti ìgbà tí ogun abẹ́lé parí, kọ̀ ọ́ gbangba pé kí wọ́n fìdí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Lẹ́bánónì múlẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń pín ipò ìjọba, Mùsùlùmí Sunni sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Palẹstáìnì, nítorí náà ẹgbẹ́ púpọ̀ níbẹ̀ kò fẹ́ kí ìwọ̀n náà yẹ̀. Ìgbéyàwó pàápàá kò lè gbà á: obìnrin Lẹ́bánónì kò lè fún ọkọ tàbí ọmọ ní ìwé ọmọ-ìlú. Láti 2001, Òfin 296 kò jẹ́ kí wọ́n ra ilé tàbí ilẹ̀ lórúkọ ara wọn. Iṣẹ́ dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà tì mọ́ wọn nítorí òfin ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà. Àgọ́ kò lè fẹ̀, wọ́n ń kọ́lé lé orí ilé; wáyà iná àti páìpù omi lọ́ mọ́ra lókè ọ̀nà tóóró, iná sì ti pa èèyàn bẹ́ẹ̀ ní àgọ́ Burj al-Barajneh. Abájọ tí ètò ìkànìyàn 2017 fi bá 174,422 péré ní àgọ́ àti agbègbè wọn, nígbà tí àwọn tó wà nínú ìwé UNRWA lé ní 400,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti wá ọ̀nà gba ibòmíì lọ.

Ká wá ní wọ́n ti UNRWA pa. Òfin tí ilé aṣòfin Ísírẹ́lì ṣe ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kínní 2025, lè dí i lọ́wọ́ ní Jerúsálẹ́mù, kó sì há a mọ́ ní Gaza àti West Bank. Àpéjọ Gbogbogbò tó dá a sílẹ̀ nìkan ló lè tú u ká. Ẹ̀sùn tí Ísírẹ́lì fi kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí ìkọlù tí Hamas ṣe sí Ísírẹ́lì ní oṣù Kẹwàá 2023, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi lé àwọn mẹ́sàn-án kúrò pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n lọ́wọ́ sí i, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Kò kan ohun tí ìran ẹni tí wọ́n ń tọ́jú jẹ́. Bí wọ́n bá jó ọ́fíìsì tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ọmọ kò torí ẹ̀ di àìbí. Ìpínrọ̀ kejì Abala 1D ló máa ṣí sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì yanjú, orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn 1951 ni wọ́n sì máa gbé e tọ̀ lọ. Lẹ́bánónì àti Jọ́dánì kò fọwọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i.

Ìjíròrò Oslo 1993 láàárín Ísírẹ́lì àti Palẹstáìnì sún ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé yìí sí ìgbẹ̀yìn, pẹ̀lú ti Jerúsálẹ́mù àti ààlà. Ní oṣù Kejìlá 2000, Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ibi márùn-ún tí wọ́n lè fìdí kalẹ̀ sí síwájú wọn: orílẹ̀-èdè Palẹstáìnì tuntun, ilẹ̀ tí Ísírẹ́lì máa fi ṣe pàṣípààrọ̀, ibi tí wọ́n wà, orílẹ̀-èdè kẹta, àti Ísírẹ́lì bó bá gbà. Kò sí èyí tó dé orí ilẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ní 2025, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kúrò ní àgọ́ Jenin, Tulkarm àti Nur Shams ní West Bank. Ní Gaza, níbi tí ogúnléndé 1948 àti ìran wọn ti pọ̀ ju onílẹ̀ lọ, ogun ti lé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ kúrò nílé.

Ẹ lè fẹ́ bi mí pé Gẹ̀ẹ́sì ti gba Palẹstáìnì bí orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2025 ńkọ́. Ìyẹn kò fún arákùnrin yín ní páásípọ́ọ̀tù. Lẹ́bánónì, ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ni wọ́n máa fi wo ẹjọ́ rẹ̀.

Kó wá agbẹjọ́rò tàbí olùdámọ̀ràn tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, tó ń jẹ́ OISC títí di oṣù Kínní 2025. Wọ́n ní àkójọ orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí owó kò bá sí, kó béèrè legal aid, owó tí ìjọba fi ń gba agbẹjọ́rò fún aláìní. Ó wà fún ẹjọ́ ìsádi. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ máa gbowó lórí ìmọ̀ràn ìwọlé àjèjì. Bí orúkọ ájẹ́ǹtì yẹn kò bá sí nínú àkójọ náà, tí kì í sì í ṣe lọ́yà, kó má fún un ní káàdì rẹ̀, kó má jẹ́ kó ya fọ́tò rẹ̀ pàápàá.