Kí ni pípe Kristi ní Kábíyèsí ń béèrè lọ́wọ́ wa?

Ìbéèrè: Ní Iléṣà níbí, à ń dọ̀bálẹ̀ fún Ọwá Obòkun, a sì ń pe Jésù ní Kábíyèsí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ọ̀kan ò tako èkejì? Báwo la sì ṣe ń bọlá fún Kristi bí ọba láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí kò sí orin, tí kò sí ìlù?

Ìdáhùn: Wọn ò tako ara wọn. Ìkíni là ń kí Ọwá. Ọlọ́run ló ni ìjọsìn. Pétérù so méjèèjì pọ̀ nínú ẹsẹ kan, 1 Pétérù 2:17: ká bẹ̀rù Ọlọ́run, ká bọ̀wọ̀ fún ọba.

Ìbéèrè kejì ló gba àlàyé. Ẹni tó wọ ààfin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tán síbi ká ṣí fìlà, ká dọ̀bálẹ̀. Ọba á fọhùn, a ó sì gbọ́ àṣẹ ká tó dìde. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà nídìí àdúrà òwúrọ̀: a ó ki Jésù títí, a ó to ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, a ó ṣe àmín, ó di ẹnu iṣẹ́. Bí ẹ bá ti yìn ín tán, ẹ ṣí Mátíù orí 5 dé 7, ẹ ka ẹsẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ mú àṣẹ kan ṣoṣo níbẹ̀ fún ọjọ́ náà. Kó ní orúkọ èèyàn nínú. Bó bá jẹ́ 5:23-24 lẹ kà, ta lẹ ń bá yodì? Ẹni yẹn lẹ ó lọ bá, kí ẹ tó gbé ọrẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá kàn ní òun á nífẹ̀ẹ́ ọmọnìkejì, ilẹ̀ á ṣú kó tó rí nǹkan kan ṣe.

Ọjà ló ti ń le jù. Kóńgò la fi ń wọn gààrí l'Átakúnmọ́sà, àwọn kan sì máa ń lu ìdí rẹ̀ wọlé kó má baà gbà tó bó ṣe yẹ. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú tiyín: ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá wú sókè, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa (Òwe 11:1). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba alágbàṣe, ẹ sanwó rẹ̀ kó tó relé.

Bẹ́ẹ̀ náà, ẹni tó bá fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹmẹ̀sẹ̀, ọba tó rán an ló tàbùkù. Nínú Mátíù 25, Ọba ní ohun tí a ṣe fún aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n, òun la ṣe é fún. Méjèèjì wà nílùú yìí, ní ọsibítù Wesley Guild àti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò. Owó oògùn lè wúlò ju ọsàn lọ.

Àjọ̀dún Kristi Ọba wà lóòótọ́. Póòpù Pius Kọkànlá ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1925, ó sì máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ádífẹ́ǹtì. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ọjọ́ kan péré ni.

Lálẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ jábọ̀ iṣẹ́ tí Kristi rán yín. Bí ẹ ò bá tíì jẹ́ ẹ, ẹ má mú òmíràn lọ́la. Èyí náà ni kí ẹ padà sí.