Drywall fún yàrá 12 sí 16: ẹ ya ògiri náà kí ẹ tó ṣírò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní yàrá tí ẹ fẹ́ ṣe sí basement yín (ìsàlẹ̀ ilé tó wà nínú ilẹ̀) jẹ́ fíìtì 12 sí 16, gíga rẹ̀ jẹ́ 8, ẹni tó fẹ́ bá yín ṣe é sì ní kí ẹ ra pátákó drywall 22 (pátákó gypsum tí wọ́n fi ń bo ògiri àti àjà). Ẹ wá ń bèèrè bóyá ó ń fi owó yín ṣeré.

Rárá, ìṣirò rẹ̀ tọ́. Yíká yàrá náà jẹ́ fíìtì 56. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 8, ó di 448. Àjà jẹ́ 192. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ sukúéà fíìtì 640. Pátákó tó wọ́pọ̀ jùlọ, ìyẹn 4 sí 8, ń bo 32, nítorí náà 20 ló máa bò ó. Ó wá fi méjì lé e nítorí àgékù.

Èmi kì í ra drywall báyẹn ṣá, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe basement tiwa ní Maryland, Amẹ́ríkà níbí, mo sì ti bá àwọn ará ìjọ wa ṣe tiwọn. Nílé, bíríkìlà lè wo ògiri lásán kó sọ iye búlọ́ọ̀kù tó máa jẹ, torí pé ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kò ní ṣàì rí ihò tó máa dí. Drywall kò rí bẹ́ẹ̀. Orí pátákó, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kúrú, gbọ́dọ̀ jókòó sórí igi, àwọn igi inú ògiri sì sábà máa ń fi ínṣì 16 jìnnà síra. Ẹ̀gbẹ́ gígùn pátákó ní ibi tí wọ́n ti tẹ̀ wọlé díẹ̀, tí tape (bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo ojú ìpàdé) àti mud (ohun rírọ̀ tí a fi ń dí i) máa wọ̀ sí. Orí rẹ̀ kò ní in. Níbi tí pátákó méjì bá ti fi orí kanra, mud á wú síta díẹ̀, tí iná bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́ ẹ ó máa rí i títí ẹ ó fi ta ilé yẹn. Ìkanra orí yìí ni kí ẹ máa kà.

Torí náà, ẹ mú bébà, kí ẹ ya ògiri kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi pátákó 4 sí 12 dán an wò. Ògiri oní-12: pátákó méjì ní ìbúlẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, ó tán, kò sí ìkanra orí kankan. Ẹ ní irú ògiri yẹn méjì, ó di mẹ́rin. Ògiri oní-16: nísàlẹ̀, 12 kí 4 tó tẹ̀ lé e, lókè, 4 kí 12 tó tẹ̀ lé e, kí ojú ìpàdé wọn má bàa wà lórí ìlà kan náà. Ínṣì 48 àti ínṣì 144 máa bọ́ sórí igi gẹ́lẹ́, torí 16 pín méjèèjì láìṣẹ́kù. Fún ògiri gígùn méjèèjì, ẹ ó lo oní-12 mẹ́rin àti oní-8 méjì tí ẹ gé sí ọgbọọgba.

Àjà ńkọ́? Pátákó gbọ́dọ̀ dábùú igi àjà. Bí igi bá gba gígùn yàrá, oní-12 mẹ́rin ló máa bò ó. Bí igi bá gba ìbú, ẹ ó to ìlà mẹ́ta, 12 àti 4 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọn 4 mẹ́ta náà á sì jáde lára pátákó kan. Mẹ́rin náà ni.

Oní-12 méjìlá, oní-8 méjì: 640 gẹ́lẹ́. Ẹ fi oní-8 méjì sí i fún èyí tó bá fọ́. Ìkanra orí mẹ́rin péré ló máa wà lára gbogbo ògiri yín. Tó bá jẹ́ oní-8 nìkan ni ẹ tò, tí ẹ sì ṣe é dáadáa, ó máa di mẹ́wàá.

Wàyí o, àtẹ̀gùn yín. Pátákó fíìtì 12 kì í ká, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àtẹ̀gùn basement máa ń ṣẹ́rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ìsàlẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé pé ìbú pátákó náà jẹ́ fíìtì 4. Bí kò bá gba ibẹ̀, tí kò sì sí fèrèsé ńlá tàbí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó lè gbà á, ẹ padà sí 22 tí oníṣẹ́ yín sọ.

Ẹ má yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kéékèèké kúrò nínú ìṣirò. Ohun tí ẹ gé kúrò níbẹ̀ kì í sábà wúlò níbòmíràn. Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni inú closet (àyè kékeré tí a ń kó aṣọ sí), àti páìpù afẹ́fẹ́ ńlá tó gba abẹ́ àjà. Tí ẹ bá fi igi yí páìpù yẹn ká ní fíìtì 12, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1 àti 1, tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2, odidi pátákó oní-12 kan ló jẹ yẹn.

Pátákó tó nípọn ìdajì ínṣì tó fún ògiri. Fún àjà, èmi fẹ́ràn ínṣì 5/8, torí kì í tẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ oní-12 rẹ̀ lè wúwo ju pọ́n-ùn 100 lọ, nítorí náà ẹ háyà ẹ̀rọ tó ń gbé e sókè. Ẹ má fi ọrùn gbé e.

Mud: garawa ńlá méjì, oní-gálọ́ọ̀nù 4.5. Tape: róòlù 500 fíìtì kan. Súkúrù: páálí pọ́n-ùn 5 kan tó, ínṣì 1¼ fún ògiri, kí ẹ wá ra 1⅝ díẹ̀ tó bá jẹ́ 5/8 lẹ ó lò fún àjà.

Ẹ kò sọ bóyá closet wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́, ká jọ yà á.