Ta ló ń sùn nílé yín?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin màmá àti bàbá. Leicester là ń gbé, ọ̀la la máa pé ọdún kan géérégé tá a dé UK. Nọ́ọ̀sì ni mí, físà mi ni ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjèèjì tẹ̀ lé wá. Ọ̀sán ni mo máa ń ṣiṣẹ́, òun ń ṣe tòru ní warehouse, tí mo bá ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lòun ń wọ tiẹ̀, ibẹ̀ náà la ti ń sọ fúnra wa ẹni tó ti jẹun àti ẹni tó ń wúkọ́. Lálẹ́ àná a jókòó ṣírò ọdún. Gbèsè tá a fi wá síbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a ti ra ọkọ̀ àlòkù kan, a ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Ó yẹ kínú mi dùn àbí? Ẹkún ni mo bú sí. Fẹ́mi ọmọ ọdún méje tó ń sọ Yorùbá fàà ní Ìbàdàn, tí mo bá bá a sọ̀rọ̀ báyìí gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, àbúrò ẹ̀ ọdún mẹ́ta ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe rí fún gbogbo yín lọ́dún àkọ́kọ́ nìyí? Kí lẹ ṣe sí i?

Èsì

Ìyá Fẹ́mi, ẹ kú ọdún kan o, ẹ kú ìfaradà. Ẹ nu ojú yín jàre, kò sẹ́ni tí ò sunkún tiẹ̀, inú ọkọ̀ lèmi ti sun tèmi, mo páàkì síwájú ilé, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi. Salford la wà, January 2017 la dé, iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yẹn lèmi náà ń ṣe, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ òru, torí náà mo mọ ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn dáadáa.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó là mí lójú. Torí pé bàbá wọn ń sùn lọ́sàn-án, a ti kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa rọra. Wọ́n mọ àtẹ̀gùn tó máa ń dún, wọ́n á fò ó kọjá. Kàtúùnù, láìsí ohùn ni wọ́n ń wò ó. Tí wọ́n bá lo ilé ìyàgbẹ́ wọn ò ní tẹ omi sí i àfi tí Dádì bá jí, ẹ má bínú, òótọ́ ni. Èmi ń fi yangàn kiri pé àwọn ọmọ tèmi ò ní wàhálà. Ó wá di ọjọ́ kan wọ́n pè wá síbi ọjọ́ ìbí ọmọ kíláàsì àkọ́bí mi, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà yẹn, àwọn ọmọ ń pariwo, wọ́n ń fò sókè, òun dúró ti ògiri, ó wá lọ fa aṣọ ìyá ọlọ́jọ́ ìbí, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. Obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yín ń bi mí pé ta ló ń sùn nínú ilé yìí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tá a délé mi ò lè jẹun.

December ọdún yẹn mo kó gbogbo rótà wa jáde, ìwé tí wọ́n fi ń to ọjọ́ iṣẹ́, tèmi àti tọkọ mi, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo wá ń fi báírò sàmì sí ọjọ́ tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ jẹun lórí tábìlì kan. Ọjọ́ 23. Nínú odindi ọdún! Méje nínú ẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tá a jọ gba lífù. Ọkọ mi ní ó kéré tán owó ń wọlé, mo ní owó ń wọlé lóòótọ́, àwa la ò wọlé. Torí ẹ̀ ni mi ò fi gbà kéèyàn máa fi gbèsè tó san àti ọkọ̀ tó rà nìkan ṣírò ọdún. Ẹ kó rótà tiyín jáde kẹ́ ẹ kà á, ó máa dùn yín, àmọ́ ẹ ó mọ ibi tọ́rọ̀ wà.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ ní tá ò ní. Nígbà tiwa, èèyàn gbọ́dọ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ 26 níbi iṣẹ́ kó tó lè kọ̀wé pé kí wọ́n yí àsìkò iṣẹ́ òun padà, flexible working ni wọ́n ń pè é. Láti 6 April 2024, ọjọ́ àkọ́kọ́ téèyàn bá wọṣẹ́ ló ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ẹ lè béèrè lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù 12, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín lésì láàárín oṣù méjì. Wọ́n lè kọ̀ o, mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mánéjà ní kò ṣeé ṣe, mo ní mi ò fẹ́ wá ní wíkẹ́ńdì kankan, ta ló fẹ́ gba ìyẹn? Ọdún kejì mo béèrè Sunday méjì lóṣù, wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí físà, ọjọ́ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀, ẹ má jẹ́ kí wákàtí dín kù láìkọ́kọ́ bi ọ́fíìsì tó spọ́ńsọ̀ yín, torí owó oṣù yín ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kọjá iye tí físà béèrè. Ọkọ yín náà lè béèrè tiẹ̀, tí kò bá ti jẹ́ pé ẹ̀jẹ́ńsì ló ń rán an níṣẹ́.

Ọkọ mi fi ófátáìmù alẹ́ Saturday sílẹ̀, £90 ló ń lọ lọ́sẹ̀, a mọ̀ ọ́n lára. Owó tá a ń fi ránṣẹ́ sílé ní Nàìjíríà la gé. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú Òde ò pè mí fún oṣù méjì gbáko, ó ní òyìnbó ti yí mi lórí, mo jẹ́ kó máa bínú, ìgbà tó fẹ́ ta aṣọ ẹbí fún mi ló padà pè.

Àbúrò Fẹ́mi ńkọ́, ṣé ẹ ti ń gba wákàtí 15 ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀ ní nọ́sìrì? Gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní England ló wà fún, wọn ò wo físà, ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, táàmù tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí wọn ló ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí 30 ni wọn kì í fún ìdílé tí wọ́n kọ no recourse to public funds sí físà wọn, ìyẹn ni pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba. Àwa gbọ́ pé 30 ò kàn wá, a ṣe bí ẹni pé 15 náà ò kàn wá, oṣù mẹ́jọ la fi sanwó dànù.

Ti Yorùbá, fóònù màmá àgbà ò gbà wá o, "hello grandma, I'm fine" ni wọ́n á wí tí wọ́n á sá lọ. Àkàrà ló gbà wá. Sunday méjì tí mo gbà yẹn, àwọn ọmọ á máa bó ẹ̀wà nínú abọ́ ńlá, èèpo á léfòó, èmi á máa wí pé dà á nù, bu omi sí i, má jẹ́ kó dà sí síǹkì, ó ku díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká kọ́ Yorùbá, wọ́n kàn fẹ́ jẹ àkàrà ni. Bàbá wọn sì ń pa àlọ́ Ìjàpá fún wọn lọ́nà ilé ìwé, ẹsẹ̀ la fi ń lọ, bí ìṣẹ́jú 12, òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, oorun á ti da àlọ́ rú mọ́ ọn lẹ́nu, lọ́jọ́ kan Ìjàpá kó ẹ̀bẹ gbígbóná sí fìlà nílé àna ẹ̀, ó bá wọ bọ́ọ̀sì. Dòní ni wọ́n ṣì ń bi í pé bọ́ọ̀sì nọ́ńbà mélòó.

Àkọ́bí yẹn ti di 13 báyìí. Bí mo ṣe ń kọ èyí ó wà lókè nídìí géèmù, ariwo ẹ̀ gba gbogbo ilé, bàbá ẹ̀ ń ké sí i pé kó dákẹ́, mo ní ẹ fi í sílẹ̀ jàre, kò sẹ́ni tó ń sùn.