Èsì sí ìbéèrè ìyá wa nípa ọmọ-ọmọ àti kámẹ́rà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra kámẹ́rà olówó ńlá fún ọmọ-ọmọ yín, ọmọ ọdún 10, kí ó lè máa fi fọ́tò yíyà ṣe ìgbafẹ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má tíì rà á. Fóònù tí ẹ kò lò mọ́ ti tó.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ya ojú yín ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán gangan àti nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kí ó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rí i pé oòrùn ọ̀sán máa ń fi òjìji dúdú sí ihò ojú ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọmọ-ọmọ tèmi, inú mi sì dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tí ó ní kí n kúrò nínú oòrùn wá sí ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ohun kan ṣoṣo tí yóò máa yà léraléra. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tí ó ra kámẹ́rà kékeré ní 1950, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, àwòrán náà sì tó nǹkan bí 1,000. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, kí iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí lè hàn. Kí ọmọ náà máa tọrọ àyè kí ó tó ya ẹnikẹ́ni. Ẹ máa tẹ díẹ̀ nínú àwọn fọ́tò rẹ̀ sórí pépà, kí ẹ sì jọ kọ orúkọ àti ọjọ́ sẹ́yìn wọn.