Ọpẹ́ tí mo dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ, tí oyún sì bàjẹ́ mọ́ ọ lára, bí wọ́n bá ti ní kí ìjọ dìde fún orin ọpẹ́, ọ̀fun rẹ a dí. O wá ń bèèrè bóyá àgàbàgebè ni kéèyàn máa kọrin nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ.

Lọ́dún 2018, rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá àwọn ọmọ mi ní Ìbàdàn níbí. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ ò sì yọ lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Òun ló máa ń lé orin nílé wa láràárọ̀, àwa á máa gbè é. Láti ọjọ́ náà, ilé pa rọ́rọ́. Mo ta máṣíìnì ìránṣọ méjì nínú mẹ́ta tí mo ní. Mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń jó lọ síwájú, màá jókòó, màá máa wo ilẹ̀. Arábìnrin kan wá sọ fún mi pé ẹkún mi ló ń lé ìbùkún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Jóòbù orí 1 ló tú mi sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ "Olúwa fi fún ni, Olúwa sì gbà lọ", ṣùgbọ́n wo ẹsẹ 20 tó ṣáájú ẹ̀: ó dìde, ó fa aṣọ ya, ó fá orí, ó wólẹ̀, ó sì sìn. Ó kọ́kọ́ fa aṣọ ya o! Nínú àkísà yẹn ló ti sìn, Ọlọ́run ò ní kó lọ pààrọ̀ aṣọ ná. Pọ́ọ̀lù náà, "nínú ohun gbogbo" ló ní kí àwọn ará Tẹsalóníkà máa dúpẹ́. Mi ò dúpẹ́ nítorí rọpárọsẹ̀, mi ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Inú ẹ̀ ni mo wà tí mo fi dúpẹ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, mò ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ tó kú yẹn. Mi ò mọ ìgbà tí orin tó fẹ́ràn jù yọ lẹ́nu mi. Ohùn mi há, omi ojú ń kán sínú bàsíà. Bí mo ṣe dé ibi ègbè, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún lọ́fun ẹ̀. Kò kọ́kọ́ lọ́rọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ohùn orin náà ni, ọwọ́ òsì ẹ̀ sì ń lu ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, "Olúwa" jáde, ó já gaara. Ọkùnrin tí kò lè pe orúkọ mi!

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀: apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ náà ni rọpárọsẹ̀ tó mú apá ọ̀tún ti ń wá, àmọ́ orin lè gba ọ̀nà mìíràn jáde. Mo gbà. Ta ló la ọ̀nà mìíràn yẹn sílẹ̀?

Kò gbádùn, àbúrò mi. Oṣù 14 lẹ́yìn náà ló kú. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé orin ọpẹ́ lowó tí a fi ń ra ìwòsàn. Sunkún ọmọ rẹ. Tí ẹsẹ̀ ò bá gbé ọ dé iwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, jókòó. Ka Sáàmù 88, inú òkùnkùn ló parí sí, Ọlọ́run sì fi í sílẹ̀ nínú Bíbélì fún irú wa. Nílé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ orin kan péré.

Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ṣì máa ń jí. Màá lé e. Tí o bá lè gbè é, gbè é. Tí o kò bá lè gbè é, máa gbọ́.