Ṣé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni fíìmù Incendies, àbí ó jọ eré Ọlá Rótìmí lásán?

Ìtàn àròsọ ni, àmọ́ ogun abẹ́lé Lẹ́bánónì (1975 sí 1990) ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wajdi Mouawad tí wọ́n bí ní Lẹ́bánónì ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní eré orí ìtàgé. Denis Villeneuve ará Kánádà sọ ọ́ di fíìmù ní 2010. Èdè Faransé àti Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Apá tó sún mọ́ òótọ́ jù ni ti ẹ̀wọ̀n: ó fara jọ ìrírí Souha Béchara, obìnrin ará Lẹ́bánónì kan tó lo ọdún 10 ní ẹ̀wọ̀n Khiam ní gúúsù Lẹ́bánónì.

Nínú fíìmù náà, ìyá kan kú ní Kánádà, ó fi lẹ́tà méjì sílẹ̀ fún àwọn ìbejì rẹ̀: ọ̀kan fún bàbá tí wọ́n rò pé ó ti kú, èkejì fún ẹ̀gbọ́n tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní.

Ẹ ò ṣì í lórí ti Ọlá Rótìmí. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀, The Gods Are Not to Blame, ní 1968, àtòun àti fíìmù yìí ló sì fara jọ ìtàn Oedipus ti àwọn Gíríìkì. (Ẹni tó bá mọ eré yẹn á ti fura báyìí.) Ṣùgbọ́n nínú eré Rótìmí, Ifá ti sọ àyànmọ́ Ọ̀déwálé, ọba inú eré náà, láti kékeré. Nínú Incendies, kò sẹ́ni tó sọ tẹ́lẹ̀. Ogun ló tú ẹbí ká.