Casque 250 ohm, fóònù ò lè gbé e

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra casque (ohun tí wọ́n ń dé sétí gbọ́ orin) DT 770 Pro, ti 250 ohm, òun ni mo fẹ́ fi máa gbọ́ orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí mo gbà sílẹ̀, àmọ́ tí mo bá ki í bọ fóònù ńṣe ló ń dún wúyẹ́wúyẹ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?
Àbúrò yín, Kétu

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́ rárá àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó, 250 sì pọ̀. Wáyà inú ẹ̀ tín-ín-rín gan-an, wọ́n sì wé e lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ volt (ipá tó ń ti iná lọ) tó ju ti fóònù lọ: tí fóònù bá gbé volt 1 jáde, agbára milliwatt 4 péré ló máa gbà, bẹ́ẹ̀ casque 32 ohm á gba bíi 31 lára volt kan náà. Ampli, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, tó lè gbé volt 4 tàbí 5 jáde ni kó o wá. Má wo watt gàgàrà tí wọ́n kọ sára páálí o, ti 32 ohm ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, iye tó ń gbé fún 250 tàbí 300 ohm ni kó o bi ọlọ́jà tó o bá dé Àjàṣẹ́. Output impedance ampli yẹn náà, ìyẹn ìdènà iná tó wà níbi tí ohùn ti ń jáde lára ẹ̀, kó má ju bíi 30 ohm lọ. Jọ̀ọ́, yí ohùn wálẹ̀ pátápátá kó o tó gbé e sétí, etí ò ṣeé rà lọ́jà.